Páálí Àwo Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀: Fẹlá, Lemi Ghariokwu àti Orin Tí A Fi Ojú Gbọ́

Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin ní Èkó láàárín ọdún 1974 sí 1977, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ orin Fẹlá kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Àwọn ológun ni ó ń ṣàkóso nígbà náà, akọ̀ròyìn sì ní láti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Páálí onígun mẹ́rin, tí ìbú rẹ̀ tó bí ínṣì méjìlá, wá ń sọ ohun tí ìwé ìròyìn ń fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ sọ.

Orin tí ó wà nínú páálí náà kò ti orísun kan ṣoṣo wá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Fẹlá ní ọdún 1938, sínú ìdílé tí orin ti wà tipẹ́. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, ti kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Fẹlá fúnra rẹ̀ bá Victor Ọláìyá kọ orin háíláìfù ní Èkó kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ orin jáàsì ti wọ̀ ọ́ lára, òun àti ẹgbẹ́ Koola Lobitos sì bẹ̀rẹ̀ sí í po jáàsì mọ́ háíláìfù.

Nígbà tí ó padà sílé, Tony Allen, onílù tí ó ti fi etí sílẹ̀ dáadáa sí àwọn onílù jáàsì bí Max Roach àti Art Blakey, dara pọ̀ mọ́ ọn. Geraldo Pino, ará Sierra Leone, tún gbé orin tí ó jọ ti James Brown dé Èkó, ó sì gba ìlú kan. Fẹlá rí i pé orin tòun kò tíì dúró. Ní ọdún 1969, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles ni ó ti pàdé Sandra Smith, ẹni tí a wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, tí ó fi ìwé Malcolm X àti ìjàkadì àwọn aláwọ̀ dúdú hàn án. Láti ìgbà náà ni orin rẹ̀ ti ní ohun tí yóò máa bá jà.

Orin Afrobeat tí ó jáde láti inú gbogbo èyí gùn púpọ̀. Orin kan ṣoṣo lè gba gbogbo ojú kan àwo. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀ kì í ju orin kan tàbí méjì lọ, ọ̀rọ̀ kan pàtó ni ó sì máa ń dá lé. Èyí ni ó fún ayàwòrán láàyè: kò ní láti kó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá jọ sójú kan, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni yóò rò.

Lemi Ghariokwu, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1955, ni ó wá ro ẹjọ́ náà. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, ni ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ Fẹlá. Ọmọdékùnrin náà gbé àwòrán Fẹlá tí ó yà dání. Fẹlá fẹ́ san owó fún un, ó ní òun kò gbà. Dípò owó, Fẹlá fún un ní ìwé àṣẹ tí yóò fi máa wọ ibi ijó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé àṣẹ yẹn níye lórí ju bí ó ti rí lójú lọ. Àṣà Fẹlá ni kí ó kọ́kọ́ máa kọ orin tuntun fún àwọn ènìyàn ní Shrine kí ó tó gbé e sínú àwo. Ayàwòrán tí ó bá ń wà níbẹ̀ déédéé yóò ti gbọ́ orin náà títí tí yóò fi mọ ọ̀nà inú rẹ̀. Fẹlá kò tún sọ ohun tí yóò yà fún un. Lemi a gbọ́ orin, a sì ya ohun tí òun rí nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, a kọ èrò tirẹ̀ sẹ́yìn páálí.

Alagbon Close, ní ọdún 1974, ni àkọ́kọ́. Orúkọ ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti Fẹlá mọ́ ní Ìkòyí ni orin náà ń jẹ́. Lójú páálí, Fẹlá ti já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Àbùùbùtán kan ń da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá nù. Ilé Kalakuta sì dúró gbọin. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ka ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1976, Yellow Fever fi obìnrin tí ó ń bó ara rẹ̀ hàn. Ní ọdún kan náà, lójú páálí Ikoyi Blindness, wọ́n fagi lé Ransome, wọ́n sì fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Lójú Zombie, àwọn ṣọ́jà gan-an ni ó tò sí gbangba.

Ìjọba náà ka páálí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo Kalakuta, wọ́n lu àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá Fẹlá láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìyá náà kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é.

Orin Sorrow, Tears and Blood jáde láti inú ọgbẹ́ yẹn, páálí rẹ̀ ni ó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì. Ohun tí Lemi yà kò tẹ́ Fẹlá lọ́rùn, wọ́n sì pínyà. Ọ̀rọ̀ náà kò yani lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ fẹ́ kí ayé rí ilé tirẹ̀. Ayàwòrán tí wọ́n ti sọ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó kò lè padà di ọmọ iṣẹ́ tí a ń pàṣẹ fún. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n parí ìjà. Lójú páálí Beasts of No Nation, ní ọdún 1989, Lemi fi ìwo sórí àwọn alágbára ayé, Botha, Thatcher àti Reagan.

Páálí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Lemi ṣe fún Fẹlá, ẹni tí ó dolóògbé ní ọdún 1997. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ orin wọ̀nyí. Àwòrán tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ti kéré tó èékánná, orúkọ olórin sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ti ẹni tí ó yà á. Ìtàn tí ó bá mẹ́nu ba Fẹlá tí ó gbójú fo Lemi ti gé ara rẹ̀ sí méjì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹnu kan kọrin, ọwọ́ mìíràn yà á, àwọn méjèèjì ni ìjọba bẹ̀rù.