Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Oníhò Kékeré fún Endometriosis Tí Kò Tíì Jinlẹ̀

Ṣé iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré léwu fún obìnrin tí endometriosis rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Ìwé kan á ní kò léwu, òmíràn á máa ka àwọn tó kú. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé wọn kì í sábà ya ewu wíwọ inú ikùn sọ́tọ̀ kúrò lára ewu iṣẹ́ tí wọ́n wọlé lọ ṣe.

Nínú endometriosis, ẹran tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síta, lára ibi ẹyin, lórí ìfun tàbí lẹ́bàá àpò ìtọ̀. Carl von Rokitansky kọ nípa irú rẹ̀ ní Vienna lọ́dún 1860. John Sampson ti Albany, ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1925. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ìkíní àti ìkejì ni a ń sọ níhìn-ín. Ìpele kò bá ìrora dọ́gba o: ẹlòmíràn wà ní ìpele kìíní tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dá a dùbúlẹ̀.

Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, ihò kékeré ni wọ́n ń lu sí ìdodo, wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú kí ikùn lè wú kúrò lórí ìfun, kí ẹ̀rọ awòran tó wọlé. Georg Kelling dán an wò lára ajá ní Hamburg ní 1901; Hans Christian Jacobaeus ṣe é fún ènìyàn ní Sweden ní 1910. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ gáàsì náà, àyà àwọn tó ní ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni János Veress, dókítà ará Hungary, ṣe é fún, kì í ṣe ikùn.

Ojú kò rí ibi tí abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ. Ó lè gún ìfun, ó sì lè gún òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ìdodo. Raoul Palmer ní Paris wá ọ̀nà mìíràn sí abẹ́ egungun ìhà òsì, fún ẹni tí iṣẹ́ abẹ àtijọ́ ti lẹ ìfun rẹ̀ mọ́ ìdodo. Ní 1971, Harrith Hasson ní Chicago pa abẹ́rẹ́ náà tì: ó la awọ díẹ̀ kí ojú lè rí ibi tó ń wọ̀.

Ní bíi 1970 sí 1979, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná jó ọ̀nà ẹyin àwọn obìnrin tí kò fẹ́ bímọ mọ́, ìfun àwọn kan jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí sì bọ́. Gbogbo ènìyàn di ẹ̀bi ru iná. Ṣùgbọ́n ní 1985, Barbara Levy, Richard Soderstrom àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan yẹ irú ìfun bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé gígún ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní jíjó. Ẹ̀rí yìí wúwo, nítorí ó dá ojú padà sí ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ kò dá iná láre pátápátá. Bí ìbòrí irinṣẹ́ bá ya, iná á jó ibi tí dókítà kò fojú sí.

Àkójọ méjì ló ṣe kókó jù. Ní Netherlands, nínú iṣẹ́ abẹ oníhò 25,764 tí wọ́n ṣe lọ́dún 1994, ìjàǹbá 145 ló ṣẹlẹ̀, obìnrin 2 kú, ó sì lé ní ìdajì ìjàǹbá náà tó wá láti ibi wíwọlé. Ní France, ilé ìwòsàn 7 ka 29,966: ẹni 1 kú, ìjàǹbá kò pé 5 nínú 1,000, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló sì jẹ́ ti wíwọlé. Ó dà bí ìtakora, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ló wà ní ilé ìwòsàn France wọ̀nyẹn, iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n sì ń ṣe, nítorí náà ìpín ewu inú ikùn pọ̀ sí i. Ti obìnrin tó wà ní ìpele kìíní yàtọ̀: iṣẹ́ inú rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa gbà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìjàǹbá ti France ni wọn kò rí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí inú rẹ̀ ń run sí i lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tó yẹ kó máa dẹ̀, kó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Ní 1994, Christopher Sutton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Guildford, ní England, pín obìnrin 63 sí méjì. Wọ́n fi iná laser tọ́jú apá kan, wọ́n kàn wo inú apá kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu ìdá 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n tọ́jú, ti àwọn yòókù jẹ́ 22.6. Ìpele kìíní ló jèrè kéré jù. Kò sí ìjàǹbá kankan, ṣùgbọ́n ewu tí kò pé 5 nínú 1,000 kì í sábà fara hàn láàárín ènìyàn 63. Ní ti ọmọ bíbí, Canada fi obìnrin 341 hàn lọ́dún 1997 pé oyún pọ̀ sí i. Italy lo 101, kò rí ìyàtọ̀. Ti Canada ló tóbi, òun ló sì yẹ ká gbé lé. Ìjà bóyá gígé ló dára ju jíjó lọ, ìwádìí kéékèèké England àti Australia kò rí ẹni tó borí láàárín ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan obìnrin dúdú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń sọ pé endometriosis kì í ṣe àìsàn wọn. Donald Chatman ní Chicago já irọ́ náà ní 1976. Ní Ibadan, ìwádìí tó jáde ní 2015 rí i lára 115 nínú obìnrin 239 tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ikùn wọn wò.

Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, sọ ní 2020 pé ẹ̀rí lórí ìjàǹbá kò tíì tó. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ní Europe ní kò pọn dandan láti lu ihò nítorí àyẹ̀wò nìkan kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.