Ẹ̀rín Inú Ẹkún Sẹ̀gilọlá

Ní 1929, Tomás Ó Criomhthain, apẹja erékùṣù Blasket, tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní èdè àwọn ará Áyálàǹdì. Irú ayé bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Araromi tí ó mọ àwọ̀n àti ìgbì. Ní 1941, Brian O'Nolan, tí ó fi orúkọ Myles na gCopaleen bojú, kọ An Béal Bocht láti fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe apẹja ni ó ń bú o. Àwọn ará ìlú ńlá tí wọ́n sọ òṣì apẹja di ohun ẹ̀yẹ ni.

Ní 1929 yẹn kan náà, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bojú ní tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Òun gan-an ni ó ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Obìnrin náà ń ronú pìwà dà, síbẹ̀ bí ó bá kan fàájì ìgbà èwe, ẹnu rẹ̀ a dùn ju ti oníwàásù lọ. Ta sì ni ẹgbẹ̀rún ọkọ náà, bí kò ṣe irú àwọn ọkùnrin Èkó tí ń ra ìwé ìròyìn? Ní 1930 ni àwọn lẹ́tà náà di ìwé, ọdún 8 kí Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà tó jáde.