Oore-Ọ̀fẹ́, Àgbà àti Ìjọ: Ìtàn Ìgbàgbọ́ Lójú Ọ̀nà Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: oore-ọ̀fẹ́, àgbà àti ìjọ. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ohun tó wà nínú èdè wa ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀sìn tuntun náà. Oore tí a kò sanwó rẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́. Inú "jọ" ni ìjọ ti wá: àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń ṣe. Ní ti àgbà, ewú orí nìkan kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ń wo orí ọmọ ẹlòmíràn ni àgbà.

Ibi tí mo fẹ́ mú ìtàn yìí gbà ni ẹkùn Mòwé, Ìbàfò àti Ifọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni Mòwé àti Ìbàfò wà. Ifọ̀ sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ló gbé orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí jáde. Ọ̀nà ojú irin tó ti Èkó gba Agége àti Ifọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta ló dàgbà jù. Ó ti dé Ìbàdàn kí a tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní 1901. Èkejì ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, tó gba Ìbàfò àti Mòwé kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a ti ojú irin bẹ̀rẹ̀. Ní 1901 kan náà, àwọn ọmọ ìjọ kan jáde kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson nípò níbẹ̀. Ìjọ African Church ni wọ́n dá sílẹ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn sì ni Jacob Kẹ́hìndé Coker. Àgbẹ̀ kòkó ni Coker ní Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ wá sóko rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó ni wọ́n ń kọ́ ìwé àti ìgbàgbọ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé, irúgbìn méjèèjì ni wọ́n gbé dání. Èyí kọ́ mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbàgbọ́ tó ta gbòǹgbò ní ẹkùn wa kì í ṣe ti ọjọ́ ìsinmi nìkan. Oko ló wà, iṣẹ́ ló wà, ibi tí ènìyàn ti ń rí ọmọnìkejì rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìtàn ojú ọ̀nà márosẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní 1909 ni a bí Josiah Akíndayọ̀mi ní Oǹdó, nínú ìdílé tó ń sin Ògún. Ìjọ CMS ló ti ṣèrìbọmi, lẹ́yìn náà ó wọ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, ó sì kó wá sí Èkó. Ní 1952, ó kúrò níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú ilé kan ní òpópónà Willoughby, Ebúté-Mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí kò ju méjìlá lọ. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́. Kò mọ̀wé kà. Ìjọ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ pé nínú ìran ni ó ti rí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lónìí, The Redeemed Christian Church of God, lára pátákó, tó sì dà á kọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ èdè náà.

Ní 1973, ọ̀mọ̀wé olùkọ́ ìṣirò kan dé ìjọ náà: Enoch Adéjàre Adébóyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà, tí a bí ní 1942. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní 1975, ọdún náà ni wọ́n sì fi jẹ pásítọ̀. Kí ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un? Ògbufọ̀ ni. Bàbá tí kò mọ̀wé ń wàásù lédè Yorùbá. Ọ̀mọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ibí gan-an ni a ti rí ohun tí àgbà jẹ́. Ọ̀dọ́mọdé tó lóye jù lọ gbà láti jẹ́ ẹnu fún àgbà. Àgbà náà kò bẹ̀rù pé ẹni tó mọ̀wé jù òun lọ yóò gba ìjókòó òun. Akíndayọ̀mi kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1980. Wọ́n ka ìkéde tó fi sílẹ̀ lábẹ́ èdìdì, Adébóyè sì di alábòójútó àgbà ní oṣù kìíní ọdún 1981. Ìpò náà kò lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ bíbí inú bàbá. Oore-ọ̀fẹ́ ni: a kì í fi ogún gbà á.

Ní 1983 ni ìjọ náà ra ilẹ̀ tó lé díẹ̀ ní hẹ́kítà mẹ́rin ní Loburo, lẹ́bàá Mòwé. Igbó ni nígbà náà. Ní 1986 ni ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ní 2017 pé ilé bí 5,000 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá tó ń fúnni ní mẹ́gáwáàtì 25. Ohun tí a ń pè ní àgọ́ ti di ìlú.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ní 1973, William Kúmúyì, olùkọ́ ìṣirò bákan náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 15 nínú ilé rẹ̀. Àgọ́ ìpàdé Deeper Life wà lójú ọ̀nà kan náà. Ní 1989, Daniel Olúkòyà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kó ènìyàn 24 jọ sínú yàrá àlejò rẹ̀. Lónìí, ìjọ rẹ̀ ní Ìlú Àdúrà àti yunifásítì ní ẹ̀bá Ìbàfò. Àwọn Mùsùlùmí NASFAT náà ní ilẹ̀ àdúrà lójú ọ̀nà yìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú yàrá kékeré ni gbogbo ìjọ mẹ́ta wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí yàrá bá di ìlú, ṣé ìjọ ṣì ń jọ? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yìí mọ̀ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ṣe máa ń rí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́. Olùjọsìn ń lọ gba ìbùkún. Aláboyún wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́jà tí tòmátì rẹ̀ ń bàjẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà tí kò tọ́ nítorí kí ó má pẹ́ dé ibi àdúrà ti gba oore, ṣùgbọ́n kò tíì dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ àwọn tó máa ń gbé aládùúgbò wọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn sínú ọkọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Ìbàfò dé Èkó ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ìwàásù wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Èrò tèmi ni pé ẹnu ibodè ni ìdánwò wà. Inú àgọ́, ó rọrùn láti jẹ́ ará. Ẹ̀yìn odi ni ẹni tí a kò yàn wà: onílẹ̀ tí oko rẹ̀ di ilé, ayálégbé tí owó ilé ń lé kiri, ọmọ ojú irin Ifọ̀ tó ń wá iṣẹ́. Oko Coker kò ní ibodè láàárín àdúrà àti iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí èso rẹ̀ fi rìn jìnnà. Ọ̀nà ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 2021, tún ti gba Kájọlà ní ẹkùn Ifọ̀ kọjá. Ènìyàn yóò tún pọ̀ sí i. Àwọn tó ń bọ̀ yóò wo ìwà wa kí wọ́n tó gbọ́ orin wa.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí àgọ́ ńlá ṣe nílò ìlú kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ìlú nílò àgọ́. Kí Elédùmarè jẹ́ kí oore tí a rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tọwọ́ wa dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó dìgbà kan ná o.