Ìṣẹ̀lẹ̀ pàǹtírí olóró ìlú Koko (1988)

Ìṣẹ̀lẹ̀ pàǹtírí olóró ìlú Koko jẹ́ ọ̀ràn àyíká àti òṣèlú tí ó wáyé ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988 ni gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn oníṣòwò kan ti kó pàǹtírí kẹ́míkà tí ó ju 3,000 tọ́ọ̀nù lọ láti Itálì wá sí ìlú Koko, tí wọ́n sì tò ó sí ilẹ̀ tí ẹnì kan yá wọn. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìwà tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, a máa ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ ìbéèrè kan: bí ènìyàn bá gba owó, tí ó sì fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀, ṣé a lè sọ pé ó yọ̀ǹda?

Ìlú Koko

Koko jẹ́ ìlú èbúté lẹ́bàá odò Benin, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ní ọdún 1988, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Bendel ni ó wà. Àwọn Itsekiri ni onílùú, èdè wọn sì bá èdè Yorùbá tan.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀

Láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn ọkọ̀ ojú omi gbé àgbá kẹ́míkà wá sí Koko nígbà mélòó kan. Ìwé ẹrù tí wọ́n fi wọlé kò sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó wà nínú wọn. Lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni àwọn kẹ́míkà tí a ń pè ní PCB, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò nígbà kan rí nínú tiransfọ́mà iná mànàmáná. Kẹ́míkà wọ̀nyí kì í tètè jẹrà, wọ́n sì máa ń kóra jọ sínú ọ̀rá ẹja, ẹran àti ènìyàn. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tàbí nǹkan tí ó súnmọ́ ọn ni wọ́n ń san fún onílẹ̀ náà lóṣù. Àwọn àgbá kan ti ń jò. Ìròyìn sì sọ pé àwọn ará ìlú kan da ohun tí ó wà nínú àgbá nù kí wọ́n lè fi wọ́n pọn omi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Itálì ni wọ́n kọ̀wé ta àwọn ará ilé lólobó, tí àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà sì gbé e jáde. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pe aṣojú Nàìjíríà ní Itálì padà sílé, ó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi Itálì kan tí ń jẹ́ Piave, ó sì pàṣẹ pé kí Itálì wá kó ẹrù rẹ̀. Itálì gbà. Ọkọ̀ méjì, Karin B àti Deep Sea Carrier, ni wọ́n fi kó o padà. Nígbà tí Karin B dé Yúróòpù, orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan, títí kan Ìlú Ọba, kọ̀ láti gbà á sí èbúté wọn kí ó tó padà sí Itálì.

Àwọn ìbéèrè nípa ìwà tí ó tọ́

Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìyọ̀ǹda. Onílẹ̀ náà gba owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un ohun tí ó wà nínú àwọn àgbá náà. Síwájú sí i, kì í ṣe òun nìkan ni ewu náà kàn: àwọn aládùúgbò tí ń mu omi ilẹ̀ yẹn kò gba kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè.

Ìbéèrè kejì jẹ mọ́ iye owó. Òfin àyíká tí ń le sí i ní Yúróòpù mú kí pípa irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ run di ọ̀wọ́n níbẹ̀, èyí sì mú kí àwọn oníṣòwò máa wá ibi tí owó rẹ̀ kò ti pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìwé kan jáde nínú Báǹkì Àgbáyé, tí Lawrence Summers fọwọ́ sí, tí ó sọ pé lójú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ó bójú mu láti kó pàǹtírí olóró lọ sí orílẹ̀-èdè tí owó iṣẹ́ ti kéré jù lọ. Summers sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀fẹ̀ ni. Síbẹ̀, àwọn alátakò rẹ̀ fèsì pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sọ ẹ̀mí tálákà di ohun tí kò níye lórí.

Ìbéèrè kẹta ni ti ẹ̀bi. Àjèjì ni ó kó ẹrù wá, ṣùgbọ́n èbúté Nàìjíríà ni ó gbà wọlé.

Òfin tí ó tẹ̀lé e

Ní ọdún 1988 kan náà, ìjọba ṣe Dìkírì 42, tí ó sọ kíkó pàǹtírí olóró wọlé di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, àti Dìkírì 58, tí ó dá àjọ ààbò àyíká FEPA sílẹ̀. Àjọ NESREA rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2007.

Lágbàáyé, wọ́n fẹnu kò lórí Àdéhùn Basel ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1989. Àdéhùn náà béèrè pé kí orílẹ̀-èdè tí yóò gba pàǹtírí kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́, kí ó sì fọwọ́ sí i nínú ìwé. Lójú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfríkà, èyí kò tó, nítorí pé a lè fi owó tàbí ẹ̀tàn gba ìfọwọ́sí. Àdéhùn Bamako ti ọdún 1991, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998, fòfin de kíkó irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ wọ Áfríkà pátápátá.

Lẹ́yìn Koko

Òfin nìkan kò parí ọ̀ràn náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, wọ́n da pàǹtírí inú ọkọ̀ Probo Koala sí àyíká Abidjan ní Côte d'Ivoire, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Èkó, kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ọjà títà. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú wọn ni àwọn kan ń dáná sun kí wọ́n lè yọ bàbà inú wáyà rẹ̀, èéfín olóró sì ń jáde. Orúkọ ẹrù ti yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè Koko ṣì wà níbẹ̀: ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ta sì ni yóò mí èéfín rẹ̀ sínú?