Àpótí Tíì Ayé Àwọn Ọba George: Ta Ló San Owó Rẹ̀?

 

Àwọn kan nínú wa tó ń gbé ìlú Òyìnbó ti sọ ọ́ di àṣà báyìí láti máa lọ sí gbàǹjo, kí wọ́n máa ra àga, tábìlì àti àpótí ayé àtijọ́. Ohun ẹ̀yẹ ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ṣebí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ìtàn pé kí a máa bi nǹkan léèrè ibi tí ó ti wá? Àpótí tíì ni mo fẹ́ bi léèrè lónìí.

Ìgbà tí wọ́n ń pè ní Georgian ni ìgbà tí ọba mẹ́rin tó ń jẹ́ George jọba tẹ̀ léra wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1714 títí dé 1830. Láyé ìgbà náà, tíì kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń bù sínú ife. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó o wá, owó bodè orí rẹ̀ sì wọ́n débi pé fàyàwọ́ gba gbogbo etíkun. Kí 1784 tó dé, owó bodè náà ti ju iye tí tíì fúnra rẹ̀ jẹ́ lọ: ó tó 119 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún náà ni ìjọba William Pitt já a wálẹ̀ sí 12.5, ni ọjà fàyàwọ́ bá dojú dé.

Ohun olówó iyebíye kì í sùn níta. Wọ́n kan àpótí kékeré fún tíì, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ìyá ilé ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ rántí bí àwọn ìyá tiwa ṣe ń ti ṣúgà àti mílíìkì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù! Caddy ni orúkọ tí wọ́n wá ń pe àpótí náà. Inú èdè Malay ló ti wá, láti ara kati, òṣùwọ̀n kan tó tó nǹkan bí 600 gíráàmù. Nígbà tí Thomas Chippendale, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, gbé ìwé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1754, àpótí tíì wà lára ohun tó yà síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó la ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ wo igun àpótí, níbi tí pákó méjì ti wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a so pọ̀. Tí ọwọ́ èèyàn bá ló gé e, kì í dọ́gba délẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gé e ní ọgbọọgba. Òòrùn á ti pa àwọ̀ ìta dà, inú á sì ṣókùnkùn jù ú lọ. Ẹ tún wá òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú rẹ̀ kí atẹ́gùn má ba tíì jẹ́. Èyí tí wọ́n gbẹ́ bí èso ápù tàbí píà ni kí ẹ fura sí jù, ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Bí eyín erin bá sì wà lára rẹ̀, òfin ti dé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù kẹfà ọdún 2022: ẹ kò lè tà á láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ìyẹn ni ojú ń rí. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ojú kò rí.

Àkọ́kọ́ ni igi. Mahogany ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, ẹbí kan náà ni òun àti ọgànwó tiwa. Ní 1721, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó bodè kúrò lórí igi tó ń ti àwọn ilẹ̀ wọn ní Amẹ́ríkà wá, ni mahogany Jàmáíkà bá ya wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló ń gé igi náà? Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni. Nígbà tí igi ńláńlá tán ní Jàmáíkà, wọ́n kó ẹrú lọ gé e ní etíkun Honduras.

Ìkejì ni ṣúgà. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìgbà náà, agolo mẹ́ta ló máa ń wà: méjì fún tíì, ìkẹta fún ṣúgà. Oko ìrèké tí ẹrú ń ro ni ṣúgà yẹn ti wá. Àwọn Òyìnbó kan náà mọ̀ ọ́n, ó sì dùn wọ́n. Ní 1791, William Fox tẹ ìwé kékeré kan pé kí àwọn èèyàn má ra ṣúgà náà mọ́. Thomas Clarkson ṣírò pé bí 300,000 èèyàn ló jáwọ́ nínú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ṣe gudugudu méje nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fòfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n sì ṣe òfin ìdásílẹ̀ ní 1833. £20 mílíọ̀nù ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ni ẹrú. Àwọn ẹrú fúnra wọn ńkọ́? Kọ́bọ̀ kò kàn wọ́n.

Ìkẹta ló wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀kan nínú àkójọ àga àti tábìlì ìgbà náà tó dára jù lọ wà ní Lady Lever Art Gallery ní Port Sunlight, lẹ́bàá Liverpool, tí wọ́n ṣí ní 1922. William Lever ló kó o jọ. Bẹ́ẹ̀ ni, Lever ọlọ́ṣẹ Sunlight tí a fi fọ yunifọ́ọ̀mù wa! Àdín ẹkùrọ́ àti epo pupa wà lára ohun tí wọ́n ń fi se ọṣẹ. Ní 1911 ó bá ìjọba Belgium ṣe àdéhùn lórí ọ̀pẹ ilẹ̀ Kóńgò, níbi tí wọ́n ti fi tipátipá kó èèyàn ṣiṣẹ́. Ní 1920 ó ra Niger Company, ilé-iṣẹ́ Goldie tí a kà nínú ìtàn. Ní 1923 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ Àpápá sílẹ̀, èyí tó di Unilever Nigeria ní 2001. N kò sọ pé ẹkùrọ́ tí ìyá àgbà ẹnikẹ́ni pa ló ra àga kan pàtó. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà wà nínú ìwé, orúkọ ẹni tó kó o jọ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n a kò rí orúkọ ẹni tó gé igi, ẹni tó ro ìrèké àti ẹni tó pa ẹkùrọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rà á bí agbára yín bá ká a. Ṣùgbọ́n àpótí aṣọ ìyá yín tó wà nílé ńkọ́? Àga ọgànwó tí bàbá yín jókòó lé kọ lẹ́tà sí yín ní ilé ibùgbé? Ọ̀pọ̀ wa ti fi í dáná, a sì ti fi àga onírọ̀bà dípò rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ káfíńtà tó kàn án nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ǹṣì àti tábìlì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí a kò bá kọ orúkọ àwọn tiwa sílẹ̀, àwọn ọmọ wa á rí igi, wọn kò ní rí èèyàn.