"Pep": Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ti Inú Ata Jáde



Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òun kún fún "pep". Mo fi gègé pupa fa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ó ṣe é?" Mo mọ̀ pé kò yẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ibi tí ó ti wá. Ojú tì mí.

Ara yíyá gágá ni "pep", pẹ̀lú okun àti ọ̀yàyà. "Pepper", ìyẹn ata, ni wọ́n gé kúrú. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń pe okun inú ènìyàn ní "pepper". Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ará Amẹ́ríkà gé ìdí rẹ̀ sọnù. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ líle ni a sábà máa ń sọ pé ó ta bí ata. Lọ́dọ̀ tiwọn, ènìyàn tí ara rẹ̀ yá ni. (Ẹ má ṣe da Pepsi pọ̀ mọ́ ọn o. Orúkọ àìsàn inú tí oúnjẹ kì í dà ni a ti fa ìyẹn yọ ní 1898.)

Ata wo wá ni? Kì í ṣe ata pupa. Ará Íńdíà ni ó ni orúkọ náà: "pippali" ni wọ́n ń pe ata gígùn wọn. Àwọn Gíríìkì gbà á, wọ́n fi lé àwọn ará Róòmù lọ́wọ́, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i. Ata níye lórí nígbà náà! Nígbà tí Alaric dó ti Róòmù ní 408, ìwọ̀n pọ́ùn ata 3,000 wà lára ohun tí ó gbà kí ó tó ṣí kúrò níbẹ̀.

Ní 1492 Columbus ń wá ọ̀nà Íńdíà, ó bá ata pupa pàdé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò bá ata dúdú tan rárá, síbẹ̀ orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fún un. Lẹ́yìn èyí ni àwọn oníṣòwò Potogí gbé e dé etíkun wa. Ìyèré àti ataare ni ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ìyèré sì ni ìbátan ata dúdú ní tòótọ́. Àwa náà pe àlejò ní ata, ó sì gba ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ onílé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ eré ni "pep". Ọ̀rọ̀ ìwúrí tí olùkọ́ni bọ́ọ̀lù ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ìsinmi ni "pep talk". Ẹ lè lò ó láàárín ọ̀rẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá iṣẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó kọ "energetic" dípò rẹ̀, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.