Kí ló pa microwave àti "low cost" Jákàńdè pọ̀?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, mo ní gist. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo bá ti ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀, là ń gbé, àwọn kan á ní: "Ọmọ low cost!" Ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹ wá gbọ́ ìtàn tó wò mí sàn.

2/ Nínú microwave tí ẹ fi ń mú ìrẹsì àná gbóná, nǹkan kékeré kan wà tó ń jẹ́ magnetron. Òun gan-an ló ń mú oúnjẹ gbóná. Àmọ́ torí ogun ni wọ́n ṣe ṣe é, kì í ṣe torí ìrẹsì o.

3/ Ní February 1940, John Randall àti Harry Boot ṣe ọ̀kan tó lágbára gan-an ní Yunifásítì Birmingham. Ó jẹ́ kí radar kéré débi tó fi lè wọ inú ọkọ̀ òfuurufú, kó sì máa rí ọ̀tá lóru. Nígbà tó di September, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà kí wọ́n lè ṣe é púpọ̀.

4/ Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Odindi bàbà ni wọ́n ń lu ihò sí, ihò náà sì gbọ́dọ̀ ṣe régí. Ọ̀gá oníṣẹ́ nìkan ló lè ṣe é. 17 péré lójúmọ́!

5/ Percy Spencer ti Raytheon, tí kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wá ní kí wọ́n má lu odindi bàbà mọ́. Kí ẹ̀rọ máa gé bàbà pẹlẹbẹ, bí màmá yín ṣe ń fi ife gé dónọ́ọ̀tì, tihò-tihò. Kí wọ́n tò wọ́n léra, kí wọ́n jó wọn pọ̀ nínú iná.

6/ Ọgbọ́n yẹn wà lára ohun tó sọ 17 di 2,600 lójúmọ́ kí ogun tó parí.

7/ Microwave àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, ní 1947, tó nǹkan bíi $5,000. Nígbà tó fi máa di 1967, Amana ń ta tilé ní $495.

8/ Ó yá, ẹ padà sí Ìsọlọ̀. Lateef Jákàńdè, Baba Kékeré, ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983. Kí ló ṣe? Àwòrán ilé kan náà, bùlọ́ọ̀kù lẹ́yìn bùlọ́ọ̀kù: Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Iba. Kò sí fáàrí níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ti Ìkòyí náà rí ilé gbé.

9/ Nílẹ̀ wa, tẹ́nì kan bá ṣe nǹkan tuntun kan ṣoṣo, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò, ó parí. Ta ló ń ronú bó ṣe máa di ẹgbẹ̀rún, tí ọmọ mẹ̀kúnnù fi máa lè rà á? Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn náà.

10/ Torí náà, ọmọ low cost ni mí, mi ò tijú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Jákàńdè, ẹ dà? Bùlọ́ọ̀kù wo lẹ wà?